Ihò Imú Kan Ni Tàbí Méjèèjì? Bí A Ṣe Ń Ka Ẹ̀jẹ̀ Imú Ẹṣin

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì fònẹ́tíìkì ní ọdún kìíní kò lè gbàgbé àwòrán orí ènìyàn tí wọ́n là sí méjì yẹn: ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀, kòmóòkun, gògóńgò, tán-án-ná, àfàsé tó ń gbéra tó sì ń wálẹ̀, káà ẹnu, káà imú. A há a sórí, a yà á nínú ìdánwò, a sì jù ú sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí ẹ tún un mú jáde lónìí, kí ẹ fi orí ẹṣin rọ́pò orí ènìyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nímú ẹṣin, ohun tí dókítà ẹran máa kọ́kọ́ béèrè kò jìnnà sí ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa ń bi wá nípa kọ́ńsónáǹtì: ibi ìsẹ́nupè wo, ọ̀nà ìsẹ́nupè wo? Níbo ló ti wá, báwo ló sì ṣe jáde? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹṣin tó kàn fi imú gbá ilẹ̀kùn àti ẹṣin tó lè kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìmọ̀ Ẹ̀dá Èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi di alágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Títí di òní, bí Iléyá bá pé ọjọ́ kẹta, ẹ wo iye ẹṣin tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wo Ìlọrin nígbà ọdún, ẹ wo pápá póló ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Gbogbo wa la máa ń ya fọ́tò agbádá ẹlẹ́ṣin àti gàárì tó ń dán. Ta ló ń wo imú ẹṣin?

Àfàsé tó ti ilẹ̀kùn ẹnu pa

Lára ènìyàn, àfàsé dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì. Bó bá gbéra, afẹ́fẹ́ á gba ẹnu jáde, a ó pe /b/. Bó bá wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba imú, a ó pe /m/. Òun náà ló jẹ́ kí á lè fi ẹnu mí nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí wa nímú. Ẹṣin kò ní àǹfààní yẹn. Àfàsé tirẹ̀ gùn, ó nà lọ sẹ́yìn títí ó fi wọ abẹ́ ìdérí gògóńgò, gògóńgò wá yọrí sókè láàárín rẹ̀ bí bọ́tìnnì ṣe ń yọ nínú ihò ẹ̀wù. Ìgbà tí ẹṣin bá ń gbé nǹkan mì nìkan ni bọ́tìnnì yìí ń tú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà imú nìkan ni ẹṣin fi ń mí, ìbáà dúró jẹ́ẹ́, ìbáà máa sáré àsápajúdé. Bí a bá fi èdè kíláàsì wa sọ ọ́, gbogbo èémí ẹṣin, àránmúpè ni.

Ohun méjì ló tẹ̀lé èyí. Èkíní, ẹ má ṣe ki òwú tàbí àkísà bọ ihò imú ẹṣin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láéláé. Ènìyàn tí ẹ bá dí nímú á la ẹnu. Ẹṣin tí ẹ bá dí nímú kò ní ibòmíràn tó máa gbà mí, ẹ̀rù á bà á, á máa fò sókè, ẹ̀jẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Èkejì, ohunkóhun tó bá gòkè wá láti ẹ̀dọ̀fóró tàbí láti ọ̀fun, imú ló máa gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ àyà lè yọ níbi kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó wá láti etí ihò imú. Kódà oúnjẹ tí ẹṣin kò lè gbé mì dáadáa, imú ló máa ń gbà padà. Nítorí náà imú kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni, kò sọ yàrá tí àlejò ti jáde fún wa.

Bí a ṣe máa mọ yàrá náà nìyí. Ògiri kan wà láàárín imú ẹṣin tó pín in sí ọ̀tún àti òsì, ó sì gùn lọ sẹ́yìn kó tó parí. Bí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bá wà níwájú ibi tí ògiri yìí parí sí, ìyẹn nínú káà imú fúnra rẹ̀ tàbí nínú àwọn ihò tó wà nínú egungun ojú, ihò imú ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà jáde. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀fun tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìbéèrè yẹn ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin fonọ́lọ́jì, òfin yìí náà ní ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́: ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀fun lè gba ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, pàápàá bí kò bá pọ̀. Ibi ọ̀fun yìí gan-an sì ni ewu tó burú jù wà.

Ọyẹ́ kọ́ o

Bí ọyẹ́ bá fẹ́, imú ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá á ní kí o jókòó, kí o fún imú rẹ pọ̀, ó parí. Lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ imú sábà máa ń wá láti àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà níwájú imú, níbi tí ìka lè dé, kì í sì í ṣe ohun bàbàrà. Àwọn tó ń sin ẹṣin ń túmọ̀ imú ẹṣin sí imú tiwọn: wọ́n á ní oòrùn ló mú un, wọ́n á ní ọyẹ́ ni, wọ́n á bu omi sí i lórí, wọ́n á sì dì í ní gàárì. Ìtumọ̀ yìí kò péye. Ẹṣin kì í ṣẹ̀jẹ̀ nímú nítorí ọyẹ́ lásán bí tiwa. Bí kò bá sí ohun tí ẹ fojú rí tó gbá a, ẹ gbà pé ohun kan wà nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ìlọrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ní ẹṣin méjì tí wọ́n máa ń yá àwọn ènìyàn fún ìgbéyàwó àti ìwúyè. Ọ̀kan jẹ́ funfun, Kílí ni orúkọ rẹ̀. Hausa ni orúkọ náà, láti ọ̀dọ̀ Málàmù tó ń tọ́jú wọn. Ní oṣù ọyẹ́, Málàmù rí ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀kún ṣíbí kan nílẹ̀ ilé ẹṣin ní òwúrọ̀, àti díẹ̀ tó ti gbẹ ní etí ihò imú òsì. Kílí ń jẹun, ó ń rìn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n nù ún kúrò. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ó tún ṣẹlẹ̀, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Málàmù ṣàkíyèsí pé bó bá ń mu omi, omi náà ń gba imú padà, àwọ̀ koríko sì wà nínú rẹ̀. Ó sọ fún Bàbá. Bàbá ní kí àwọn ṣe ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé yẹn tán ná. Wọ́n ṣe é tán. Ní òru ọjọ́ kejì, kí ìrun àsùbáà tó tó, ẹ̀jẹ̀ tú lójú méjèèjì bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí, nígbà tí ilẹ̀ sì máa mọ́, Kílí ti kú.

Dókítà tó wá lọ́sàn-án là á lórí. Ohun tó bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí kò sí ohun tó jọ ọ́ lára wa. Ẹ rántí ọ̀nà tín-ín-rín tó so inú etí mọ́ ọ̀fun, èyí tó máa ń dún "pọ́" nígbà tí ẹ bá gun òkè nínú mọ́tò. Lára ẹṣin, ọ̀nà yìí wú di àpò afẹ́fẹ́ ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ọ̀fun, tí àwọn dókítà ń pè ní guttural pouch. Àpò kan lè gba tó ìlàjì lítà afẹ́fẹ́. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ sì gba ara rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń darí ìgbémì, gògóńgò àti ìpéǹpéjú. Nígbà mìíràn, irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu máa ń hù sí ara ògiri yìí, a sì máa jẹ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà pa ẹṣin ló jẹ́ kí n pè é ní ẹlẹ́tàn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó dá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kọjá. Òmíràn á tún wá. Lẹ́yìn náà ni iṣan á bẹ́ pátápátá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́ nínú ilé ẹṣin lóru. Ẹ̀jẹ̀ kékeré àkọ́kọ́ yẹn ni ìkìlọ̀. Bí ẹ bá rí ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò sáré, tí kò gbá nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò sì yọ nímú rẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà bí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Bí omi tàbí oúnjẹ bá tún ń gba imú, tí ìpéǹpéjú kan wọ́lẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún hòò-hòò nígbà tó bá ń sáré, ìyẹn túmọ̀ sí pé àrùn náà ti kan àwọn iṣan ìmọ̀lára. Ìró hòò-hòò yẹn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tán-án-ná kan tí kò lè ṣí mọ́ ló ń pè é. Àwa tí a kọ́ nípa bí tán-án-ná ṣe ń ṣí tó ń pa dé, ó yẹ kí etí wa yá sí i.

Ìtọ́jú wà: ní ilé ìwòsàn ẹṣin tó tóbi, wọ́n máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn pa nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ kó tó bẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ti wà, kò sì wọ́n ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ń bá jà á lè yàn: yóò gbé e lọ, tàbí kò ní gbé e lọ. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò tilẹ̀ rí àyè yàn.

Ọ̀nà tó gbà jáde

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ imú ló ń pa ẹṣin o. Ẹṣin tó fi imú gbá irin, tàbí èyí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sí ikùn, lè ṣẹ̀jẹ̀ lọ́nà tó ń dẹ́rù bani, nítorí inú imú ẹṣin kún fún iṣan wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dá láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tó ń kán díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, tó pò mọ́ ikun. Ó lè jẹ́ pé kókó kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ń wú lẹ́yìn káà imú. Á máa dàgbà, á sì máa dí ọ̀nà èémí. Bí òórùn burúkú bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ọyún sì ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo eyín, nítorí gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè wọ inú ihò egungun ojú, eyín tó bá jẹrà lè ba gbogbo ibẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá láti ibòmíràn pẹ̀lú, tí ẹ rí àmì pupa wẹ́wẹ́ ní èrìgì tàbí tí ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kò dá, ẹ bi ara yín bóyá ẹṣin náà ti jẹ oúnjẹ tí májèlé eku wọ̀. Ọ̀pọ̀ májèlé eku máa ń pa agbára ẹ̀jẹ̀ láti dì. Ìmọ̀ràn kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́: àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní glanders, tó máa ń mú kí ikun tó ní ọyún àti ẹ̀jẹ̀ máa jáde nímú ẹṣin, ènìyàn sì lè kó o. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti lé e jáde, síbẹ̀ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó nu imú ẹṣin tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì fọ ọwọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó wá lẹ́yìn eré sísá ni àwọn elére ìje mọ̀ jù. Láti ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń wá. Ọkàn ẹṣin tó wà ní ìsinmi máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá ń sáré àsápajúdé, ó lè ju 220 lọ. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà náà pọ̀ débi pé àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà lára àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń ya. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹṣin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sáré ìje rí nítorí pé imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá. Bartlett's Childers ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bleeding Childers ni àwọn ènìyàn sọ ọ́, ìyẹn Childers Ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn náà mọ bí a ṣe ń fi ipò tí a bá ọmọ sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé láti ara ẹṣin tí kò lè sáré yìí ni Eclipse ti wá. Òun ni bàbá bàbá bàbá rẹ̀. Ọdún 1764 ni wọ́n bí Eclipse, kò sì sí ẹṣin tó borí rẹ̀ rí nínú eré ìje.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn rò pé ẹṣin díẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré, nítorí díẹ̀ ni wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀ nímú wọn. Ìgbà tí kámẹ́rà tó wà lẹ́nu rọ́bà tín-ín-rín dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú kòmóòkun lẹ́yìn eré ìje, ni wọ́n rí i pé ó ju ìdajì àwọn ẹṣin ìje lọ tí ẹ̀jẹ̀ wà ní kòmóòkun wọn. Imú wọn mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀ tó láti gòkè dé ihò imú, ẹṣin sì ti gbé e mì. Nítorí náà, ẹṣin tó bá ń gbé nǹkan mì léraléra lẹ́yìn eré, tó ń wúkọ́, tàbí tó kàn dẹ́kun eré lójijì láàárín pápá, ó lè ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ. Wọ́n á fi pàṣán sí i.

Ojú tí kò fẹ́ sọ

Ẹranko tí kìnnìún ń dọdẹ kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn, nítorí èyí tó bá ń tiro ni kìnnìún ń mú. Ẹṣin ṣì ní ìwà yìí lára. Bí àlejò bá wọlé, á gbé orí sókè, á na etí, á dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Nínú kọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀ ẹranko, gbogbo wa pàdé Hans, ẹṣin Jámánì tí wọ́n ní ó mọ ìṣirò. Wilhelm von Osten ló ni ín ní Berlin. Bí wọ́n bá bi Hans pé kí ni 3 àti 4, á fi pátákò gbá ilẹ̀ nígbà 7. Ní 1907, Oskar Pfungst fi hàn pé Hans kò mọ ìṣirò kankan: ojú àti ara ẹni tó bi í ló ń wò, bí onítọ̀hún bá sì ti mira fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí iye náà pé, Hans á dúró. A máa ń rẹ́rìn-ín Hans nínú kíláàsì. Lójú tèmi, àwa ló yẹ ká fi rẹ́rìn-ín. Ẹṣin ti ń ka ojú wa láti ọjọ́ pípẹ́, kó tó wá di pé a bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀ lọ́nà tó létò.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ èdè mọ̀ dáadáa ni wọ́n lò: wọ́n gé ojú sí ẹyọ-ẹyọ. Ekman àti Friesen ti ṣe é fún ojú ènìyàn ní 1978. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní University of Sussex gbé ti ẹṣin jáde, wọ́n sì ka ẹyọ ìmira iṣan ojú 17. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni òṣùwọ̀n ìrora tí wọ́n ń pè ní Horse Grimace Scale jáde, láti ara àwọn ẹṣin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Ẹyọ 6 péré ló ní: etí tó le gan-gan tó sì kọjú sẹ́yìn, ojú tó pa dé díẹ̀, òkè ojú tó fún títí egungun fi yọ, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó le, ẹnu tó fún pọ̀ tí àgbọ̀n sì yọ síta, àti ihò imú tó le tó sì nà. A máa fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2. Ẹ dúró lókèèrè kó tó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo kò túmọ̀ sí nǹkan púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí fóníìmù kan ṣoṣo kò ti ń dá ní ìtumọ̀.

Lẹ́yìn ojú, èrìgì. Ibi tí a ti ń pe /t/ àti /d/, tí a ń pè ní àfèrìgìpè, ibẹ̀ náà ni dókítà ti ń wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì ẹṣin lókè eyín iwájú kó funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó ti padà. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí èrìgì funfun bí ẹ̀fun, ẹṣin náà ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ rí tàbí èyí tí ẹ kò rí. Ẹ ka èémí rẹ̀ nípa wíwo ìhà: 8 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan ni ti ìsinmi. Ara rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ti mọ iye tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹṣin.

Ẹ tún máa wo ìgbẹ́. Ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń ya ìgbẹ́ bí ìgbà 8 sí 12 lóòjọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ jù ní òwúrọ̀, kì í ṣe ìmọ́tótó, inú rírun ló ń bọ̀. Ẹ ó rí i tó ń wo ìhà ara rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde. Inú rírun yìí ń pa ẹṣin láàárín wákàtí.

Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé eṣinṣin ló ń pa ẹṣin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dárúkọ méjèèjì láì fi àmì sí i, ẹ rí ìṣòro yín. Ibà á wá, á lọ, á tún wá. Ẹṣin á máa jẹ bàbà rẹ̀ tán, á sì máa rù. Èrìgì á máa funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á máa wú. Àrùn yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó ẹgàn, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi lágbára ní ọ̀dàn ju inú igbó lọ. Ẹni tó ń mú ẹṣin sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ fún ọdún, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lọ́wọ́

Ẹ dá ohunkóhun tí ẹṣin ń ṣe dúró. Ẹ tú gàárì, ẹ mú un lọ sí ibi tó pa rọ́rọ́, ẹ má rìn ín kiri. Ẹ jẹ́ kó gbé orí sí ibi tó bá wù ú. Ẹ má so ó mọ́ òkè, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè padà sínú ọ̀nà èémí. Ẹ má fún un ní oògùn ìtura tí ẹ rà fúnra yín, torí àwọn kan nínú wọn máa ń mú kí agbára ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹṣin tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀. Ẹ gbé garawa sábẹ́ imú rẹ̀ bó bá gbà, kí ẹ lè mọ iye tó ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́n sílẹ̀ máa ń jọ pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹṣin tó wúwo tó kílò 300 ní nǹkan bí lítà 24 ẹ̀jẹ̀ lára, ẹ ṣáà mọ kẹ́ẹ̀gì ofeefee lítà 25. Nígbà tó bá fi máa pàdánù ìdá mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn bí lítà 8, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Bó bá ń ṣàn bí omi, tàbí tó bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ tí kò dá, ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan máa pe dókítà nígbà tí ẹlòmíràn ń di ẹṣin mú.

Ohun tí ẹ máa sọ lórí fóònù ṣe pàtàkì. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré ni tàbí ó wà ní ìdúró? Ṣé ó pupa fòò ni, ó dúdú ni, ó ń hó bí ọṣẹ ni? Ó ń kán ni tàbí ó ń ṣàn? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí? Omi tàbí oúnjẹ ń gba imú bí? Ẹ fi fóònù ká fídíò èémí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp. Bó bá sì bi yín pé ihò imú wo ni, ẹ rántí ohun tí a kọ́ nípa ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ibi tí a dúró sí. Òsì ẹṣin ni kí ẹ sọ, kì í ṣe òsì ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí i.